Ọkọ̀ Iṣẹ́ Tí Bàbá Fi Sílẹ̀: Ìdáhùn Sí Lẹ́tà Yín Lórí Títún Píkọ́ọ̀pù Àtijọ́ Ṣe

Ọ̀pọ̀ lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí ló dá lórí ọkọ̀ iṣẹ́ tí òbí fi sílẹ̀, Peugeot 504 píkọ́ọ̀pù ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Kò yà wá lẹ́nu. Láti ọdún 1975 ni wọ́n ti ń to Peugeot pọ̀ ní Kàdúná, nígbà tí píkọ́ọ̀pù 504 sì jáde lọ́dún 1979, òun ni àgbẹ̀, oníkòkó àti onípákó gbára lé káàkiri ilẹ̀ wa títí dé Benin àti Togo. Lẹ́tà márùn-ún la mú. Mẹ́rin dá lórí 504, ìkarùn-ún jẹ́ ti Mercedes 911, ọkọ̀ akẹ́rù ńlá.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá mi fi 504 píkọ́ọ̀pù elépo pẹtiróòlù sílẹ̀. Ó ti tó ọdún mẹ́jọ tó ti wà lábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìnkùlé wa. Mẹkáníìkì kan ní kí n lọ ra bátìrì wá, ká kọ́kọ́ gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnì ná. Àbúrò mi ní ká kọ́kọ́ kùn ún lọ́dà kí ojú má baà tì wá. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀? (Ọmọ oníkòkó, Oǹdó)

ÌDÁHÙN: Ẹ má gbọ́ ti ẹnì kankan nínú àwọn méjèèjì. Ṣásí, ìyẹn egungun irin tó gbé ọkọ̀ ró, ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, kí bíréèkì tẹ̀lé e, kí ẹ́ńjìnì ṣe ìkẹta. Ọ̀dà ló kẹ́yìn. Ẹ́ńjìnì tó bàjẹ́ ṣeé yọ, ó ṣeé pààrọ̀. Ọkọ̀ tí ìdí sípíríǹgì rẹ̀ ti jẹrà kò ní àtúnṣe tó rọrùn bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá sì ti ná owó rẹ̀ tán sórí ẹ́ńjìnì kó tó mọ̀ ti wọ gbèsè láìnídìí.

Ẹ fi omi tó lágbára fọ abẹ́ ọkọ̀ náà kí ẹrẹ̀ kúrò. Ẹ gbé e sókè lórí ilẹ̀ tó le, kí ẹ fi gẹdú tó nípọn tàbí ẹsẹ̀ irin gbé e ró. Ẹ má fi búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ńtì gbé ọkọ̀ ró láé: kì í fọ́ díẹ̀díẹ̀, ṣe ló máa ń là lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò sì ní ríbi sá sí. Ẹ mú hámà kékeré, kí ẹ máa kan irin ṣásí láti iwájú dé ẹ̀yìn. Irin tó yè máa ń dún gan-an. Èyí tó ti jẹrà á dún kúbú-kúbú, ìpẹtà á sì máa dà sílẹ̀. Níbi tó bá ti dún bẹ́ẹ̀, ẹ ti síkúrúdíráfà mọ́ ọn. Bó bá wọlé, ẹ fi ẹfun ìkọ̀wé yí i ká.

Ibi tí ẹ ò gbọ́dọ̀ fò ni ibi tí orí sípíríǹgì ẹ̀yìn ti so mọ́ ṣásí, lápá iwájú àti lápá ẹ̀yìn. Apá ṣásí tó wà lókè ásì, irin tó so ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀. Ilẹ̀ mọ́tò lábẹ́ rọ́bà ẹsẹ̀ awakọ̀. Irin abẹ́ ilẹ̀kùn. Àti ibi tí wọ́n gbé bátìrì sí, nítorí ásíìdì ti jẹ ibẹ̀. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ẹ wo ibi tí orí ṣọ́ọ̀kì iwájú ti dè mọ́ bọ́dì lọ́tùn-ún lósì. Bí irin ibẹ̀ bá ti ya tàbí tó ti wú sókè, ọkọ̀ náà kò gbọdọ̀ rìn lójú títì títí wẹ́dà yóò fi ṣe é. Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ abẹ́ igi ló wà, ẹ wo kòtò tó wà níwájú dígí: ewé máńgòrò ti dí ihò tí omi ń gbà jáde, omi òjò á ti máa rọ́ wọ inú mọ́tò, ìdí nìyẹn tí ilẹ̀ mọ́tò fi máa ń jẹrà látòkè wá, kì í ṣe láti ìsàlẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ lẹ ṣásí, wẹ́dà gbọ́dọ̀ gé e títí dé ibi tí irin ti mọ́ rekete. Irin 3 mìlímítà ni kó lò, kì í ṣe páànù. Kó gé ẹnu àlẹ̀mọ́ náà ṣóńṣó ní ìpẹ̀kun méjèèjì, kó má ṣe fi wẹ́dìn gbá a lóòró ṣanṣan, nítorí ojú ìlà tó bá gba òòró ṣásí kọjá ni ẹrù yóò ti tún un fà ya. Kó yọ wáyà bátìrì àti ti ọ́tánétọ̀ kó tó tanná, kó sì gbé gbogbo páìpù epo kúrò nítòsí.

Ẹ ka ewé sípíríǹgì. Iye kan náà ló yẹ kó wà lọ́tùn-ún àti lósì. Ọ̀pọ̀ 504 tí wọ́n fi kó ẹrù ni wọ́n ti fi ewé kún, sípíríǹgì wọn sì le bí òkúta. Ẹ yọ èyí tí wọ́n fi kún un. Sípíríǹgì tí kò tẹ̀ mọ́ kì í gba ìnira ọ̀nà mọ́ra, ṣásí ló ń gbé e fún, ibi tó sì ti máa ń ya ni ibi tí a ní kí ẹ wò lókè ásì yẹn. Bí ewé kan bá ti kán, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì pa pọ̀, kí ẹ ra bóòtù àárín àti bóòtù oníbéńdì tuntun, kí ẹ sì tún wọn mú le lẹ́yìn ìgbà tí ọkọ̀ bá kọ́kọ́ ru ẹrù.

Bíréèkì tó ti dúró ọdún mẹ́jọ kò ṣeé fọkàn tán, bó tilẹ̀ ṣe pé ó ń le lẹ́sẹ̀ bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́. Omi bíréèkì máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́, omi yẹn á jẹ ara másítà sílíńdà àti sílíńdà ẹsẹ̀ ẹ̀yìn níbi tí rọ́bà ń gbà kọjá. Ẹ tú gbogbo rẹ̀. Bí ojú sílíńdà bá ti ní ihò wẹ́wẹ́, ẹ má fi sáńdìpépà ha á, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Rọ́bà tuntun kì í pẹ́ nínú irin tó ti gé. Ẹ pààrọ̀ hóòsì bíréèkì gbogbo. Hóòsì àtijọ́ máa ń wú nínú: omi á lè kọjá bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n kò ní lè padà, ẹsẹ̀ kan á wá máa gbóná, á sì máa fà ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. DOT 3 tàbí DOT 4 ni kí ẹ dà sí i. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnì díẹ̀ péré tó bá bọ́ síbẹ̀, gbogbo rọ́bà náà ló máa wú, owó ti ṣègbé nìyẹn. Tí ẹ bá fẹ́ yọ afẹ́fẹ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ̀ tó jìnnà jù sí másítà sílíńdà, ìyẹn ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lápá ọ̀tún, kí ẹ máa bọ̀ díẹ̀díẹ̀ síwájú. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ fún odindi ìṣẹ́jú kan. Tí ẹsẹ̀ yín bá ń rì, ibì kan ṣì ń jò.

Táyà ńkọ́? Ẹ wo nọ́ḿbà mẹ́rin tó kẹ́yìn nínú ohun tí wọ́n kọ tẹ̀lé lẹ́tà DOT lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019. Èyí tó ti dúró lórí ilẹ̀ fún ọdún mẹ́jọ ti kú, bí ojú rẹ̀ bá tilẹ̀ ṣì jinlẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ ra tuntun, táyà akẹ́rù tí wọ́n kọ C sí lára ni kí ẹ béèrè. Fọkanáísà lè fi ti ọkọ̀ kékeré lọ̀ yín nítorí ó dínwó. Ẹ má gbà á.

ÌBÉÈRÈ: Mẹkáníìkì ti wo 504 tí màmá mi fi ń kó gaàrí lọ sọ́jà kó tó di olóògbé. Ó ní ẹ́ńjìnì ti há, kí n jù ú nù, kí n lọ ra tòkunbọ̀ ní Ládípọ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí lóòótọ́? (Abẹ́òkúta)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú àṣẹ̀yìndè màmá. Ẹ́ńjìnì tó há kò tíì kú. Lọ́pọ̀ ìgbà, ríǹgì písítìnì ló lẹ̀ mọ́ ara sílíńdà nítorí ìpẹtà díẹ̀. Ohun tó ń pa á gan-an ni sítátà tàbí kí wọ́n fi ọkọ̀ mìíràn wọ́ ọ: ríǹgì á ṣẹ́ sínú, ohun tí ì bá parí pẹ̀lú ọ́ìlì díẹ̀ á wá di ọ̀fáhọ́ọ̀lù.

Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ po kẹrosíìnì pọ̀ mọ́ ọ́ìlì pupa tí wọ́n ń dà sí gíà ọtọmátíìkì, ìlàjì-ìlàjì, kí ẹ da ìwọ̀n ṣíbí ìjẹun mẹ́ta sí ojú ihò kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kẹrin, ẹ gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì sókè, ẹ fi gíà sí èyí tó ga jù, kí ẹni méjì di táyà ẹ̀yìn mú, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, kí wọ́n sì máa mì í pa pọ̀ lọ síwá sẹ́yìn. Ẹ má fi tipátipá yí i. Bó bá mì ní ìwọ̀n ìka kan, ẹ ti yege. Ẹ da èròjà náà sí i lẹ́ẹ̀kan sí i, ó di ọ̀la.

Nígbà tó bá ti ń yí fàlàlà, ẹ tú ọ́ìlì àtijọ́ kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Kẹrosíìnì ti wà nínú rẹ̀, kò gbọdọ̀ bá ẹ́ńjìnì ṣiṣẹ́. Ẹ wo àwọ̀ rẹ̀ dáadáa. Bó bá funfun bí ẹ̀kọ mímu, omi ti wọ inú rẹ̀, tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì tàbí rọ́bà ìdí sílíńdà ló fà á. Bó bá jẹ́ dúdú lásán, ẹ da nǹkan bí lítà 4 ọ́ìlì 20W-50 sí i pẹ̀lú fílítà tuntun, kí ẹ fi ọ̀pá ìwọ̀n yẹ̀ ẹ́ wò.

Epo tó ti wà nínú táńkì ti di ohun tó ń lẹ̀. Ẹ sọ táńkì kalẹ̀, ẹ dà á nù jìnnà sí ilé, ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ pààrọ̀ gbogbo hóòsì rọ́bà. Bó bá ti lu, ẹ má jẹ́ kí wẹ́dà fi iná kàn án. Táńkì tó ṣófo léwu ju èyí tó kún lọ, nítorí òórùn epo ló ń bú gbàù. Ẹ tú kábúrétọ̀, ẹ fi afẹ́fẹ́ fọn ihò rẹ̀. Ẹni tó bá fi wáyà gún ojú jẹ́ẹ̀tì ti mú kó fẹ̀ sí i, ọkọ̀ náà á máa mu epo láti ọjọ́ yẹn lọ.

Ní ti iná, ojú kọ́ńtáàtì gbọ́dọ̀ ṣí ní 0.4 mìlímítà, ojú púlọ́ọ̀gì ní 0.6. Ètò wáyà púlọ́ọ̀gì ni 1-3-4-2. Ibi tí àwọn mẹkáníìkì tó mọ ọkọ̀ Japan ti máa ń ṣìnà rèé: nọ́ḿbà 1 ẹ́ńjìnì Peugeot yìí wà lápá fláíwíìlì, níbi tó súnmọ́ gíà àti awakọ̀, kì í ṣe lápá fáànù. Ẹni tó bá kà á láti iwájú á fi odindi ọjọ́ kan wá ìdí tí kábúrétọ̀ fi ń yìnbọn. Ẹ fi ẹ́ńjìnì tútù to àlàfo fáàfù: 0.10 mìlímítà fún èyí tó ń gba afẹ́fẹ́ wọlé, 0.25 fún èyí tó ń tú èéfín jáde.

Nísinsìnyí ni kí ẹ wá ra bátìrì. Láì tíì dá púlọ́ọ̀gì padà, ẹ fi sítátà yí i ní ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá-mẹ́wàá títí iná pupa ọ́ìlì yóò fi kú. Kí ẹ tó dá wọn padà, ẹ wọn agbára tí sílíńdà kọ̀ọ̀kan fi ń fún afẹ́fẹ́ (kọmpíréṣọ̀n). Kí wọ́n súnmọ́ ara wọn ló ṣe pàtàkì. Bí ọ̀kan bá lọ sílẹ̀ gan-an, ẹ da ṣíbí ọ́ìlì kan sí i, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n. Bó bá gòkè, ríǹgì ló ti jẹ. Bí kò bá gòkè, fáàfù ni.

Tó bá wá di dandan kí wọ́n ṣí orí ẹ́ńjìnì, ẹ kìlọ̀ fún wọn: sílíńdà inú 504 yìí kò dọ́gba pẹ̀lú ti ọ̀pọ̀ ọkọ̀ mìíràn, ó ṣeé fà yọ, omi ló sì yí i ká. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gbé orí kúrò, wọn ò gbọdọ̀ yí ẹ́ńjìnì láì fi bóòtù àti wáṣà ńlá dí sílíńdà mọ́lẹ̀. Bó bá gbéra díẹ̀ péré, rọ́bà ìdí rẹ̀ ti yẹ̀, omi á máa wọ inú ọ́ìlì, wọn á sì tún dá tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì lẹ́bi.

Tó bá já sí pé ẹ̀ ń ra tòkunbọ̀ náà, ẹ gba rìsíìtì tó ní nọ́ḿbà ẹ́ńjìnì. Ìdí rẹ̀ wà nínú lẹ́tà kẹrin.

ÌBÉÈRÈ: Ọkọ̀ ti ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n tó bá ti gun òkè, omi á hó. Wọ́n ti yọ tẹ́mósítáàtì, síbẹ̀ kò yé gbóná. (Ìlá)

ÌDÁHÙN: Ẹ ní kí wọ́n dá a padà. Tẹ́mósítáàtì kì í fa gbígbóná àyàfi bó bá ti há ní pípadé. Ẹ sọ ọ́ sínú omi tó ń hó, bó bá ṣí, kò ní ẹ̀ṣẹ̀. Yíyọ rẹ̀ á jẹ́ kí ẹ́ńjìnì tutù jù lójú ọ̀nà títẹ́, kó mu epo púpọ̀, kó sì máa fọ ọ́ìlì kúrò lára sílíńdà, òkè tí ẹ ń gùn kò sì ní yí padà.

Orí 504 jẹ́ alumíníọ̀mù, ara rẹ̀ jẹ́ irin. Omi kànga lásán tí wọ́n ti ń dà sí i láti ọdún gbọ́nhan ti jẹ méjèèjì, ìdọ̀tí rẹ̀ sì ti dí rédíétọ̀. Ẹ gbé rédíétọ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún un ṣe, kó ṣí orí rẹ̀, kó fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ gún ojú ihò rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Fífi hóòsì fọn ọ́n kò tó. Ẹ wo fáànù: bó bá jẹ́ èyí tó ń lo mágnẹ́ẹ̀tì, káábọ̀nù kékeré kan wà tó ń gbé iná fún un, tó bá ti jẹ tán, fáànù á máa yí jẹ́jẹ́ láì fẹ́ afẹ́fẹ́ kankan. Lẹ́yìn náà, ẹ da omi rédíétọ̀ aláwọ̀ pọ̀ mọ́ omi mímọ́, ìlàjì-ìlàjì. Bí omi bá ń hó tàbí tí afẹ́fẹ́ ń fọ́ jáde nínú rédíétọ̀ láti ìgbà tí ẹ bá ti tanná, kí ó tó gbóná rárá, tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì ti lọ.

ÌBÉÈRÈ: Ìdí-igi mẹ́ta ni àwa ọmọ bàbá wa. Owó mi ni mo fẹ́ fi tún ọkọ̀ náà ṣe, ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀gbọ́n mi ní ti gbogbo wa ni. Orúkọ bàbá ló sì wà lórí ìwé. (Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Òótọ́ ni àwọn ẹ̀gbọ́n yín sọ. Títí wọn yóò fi pín in, ìbáà ṣe ní ìdí-igi tàbí ní orí-ò-jorí, ti ẹbí ni. Ẹ má ná kọ́bọ̀ kí ẹ tó pe ìpàdé. Ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì tí kì í ṣe tiyín dá iye lé e bó ṣe wà nílẹ̀. Ẹ kọ iye náà sílẹ̀, kí aṣojú ìdí-igi kọ̀ọ̀kan fọwọ́ sí i pé ẹ ti san ìpín wọn, tàbí pé wọ́n ti yọ̀ǹda rẹ̀ fún yín. Ọkọ̀ tó wà nílẹ̀ kì í lólówó, èyí tó ti ń dán ni gbogbo èèyàn máa ń rántí pé ogún ni.

Bí bàbá bá kọ ìwé ìhágún, ilé ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ ló ń fọwọ́ sí i. Bí kò bá kọ ọ́, ẹ̀ka ogún ní ilé ẹjọ́ kan náà ni ẹ ti máa gba ìwé àṣẹ láti ṣàkóso ohun tó fi sílẹ̀. Ẹ mú ìwé ẹ̀rí ikú dání. Ìwé àṣẹ yìí ni ẹ óò gbé lọ sí ọ́fíìsì tó ń forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀ láti yí orúkọ olówó rẹ̀ padà. Kí ẹ tó lọ, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì wáyà fọ ojú nọ́ḿbà ṣásí àti ti ẹ́ńjìnì, kí ẹ fi wọ́n wé ti inú ìwé. Bí ẹ bá ti pààrọ̀ ẹ́ńjìnì, nọ́ḿbà tuntun gbọ́dọ̀ wọ ìwé pẹ̀lú rìsíìtì rẹ̀, nítorí ọlọ́pàá lè mú yín sí ẹ́ńjìnì tí wọ́n jí. Wẹ́dà kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kan ibi tí nọ́ḿbà ṣásí wà, kódà bó bá ti dógùn-ún. Ẹ fi gírísì pa á.

ÌBÉÈRÈ: Mercedes 911 bàbá wa, tí wọ́n fi ń kó gẹdú, ti dúró ọdún mẹ́rin. Sítátà ń yí i dáadáa ṣùgbọ́n kò gbaná. Ṣé púlọ́ọ̀gì ìgbóná ló bàjẹ́ ni? (Òrè)

ÌDÁHÙN: Kò ní púlọ́ọ̀gì ìgbóná. Ẹ́ńjìnì OM 352 onísílíńdà mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀, tààrà ló ń fọ́n dísẹ́ẹ̀lì sórí písítìnì. Afẹ́fẹ́ ló wà nínú páìpù yín. Ẹ tú omi kúrò nísàlẹ̀ táńkì, ẹ pààrọ̀ fílítà, ẹ tú bóòtù kékeré orí rẹ̀, kí ẹ máa fi ọwọ́ tẹ pọ́ǹpù kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pọ́ǹpù ńlá títí dísẹ́ẹ̀lì á fi máa jáde láì ní ìfófòó. Ẹ dí i, kí ẹ ṣe bákan náà fún pọ́ǹpù ńlá. Lẹ́yìn náà, ẹ tú nọ́ọ̀tì páìpù nọ́sù, kí wọ́n fi sítátà yí i títí dísẹ́ẹ̀lì á fi máa ta jáde, kí ẹ wá dè wọ́n. Ẹ má fi ọwọ́ sí ojú ibi tó ti ń ta: agbára rẹ̀ lè la awọ ara kọjá.

Ó ku ohun kan tó yẹ kí ẹ ti ṣe kí ẹ tó fọwọ́ kan sítátà. Irin tó ń darí dísẹ́ẹ̀lì nínú pọ́ǹpù ńlá máa ń há lẹ́yìn ìdúró pípẹ́, bó bá sì há sí ibi tó ṣí jù, ẹ́ńjìnì á sáré lọ sókè bó ti ń gbaná, kọ́kọ́rọ́ kò sì ní lè pa á. Ẹ fi ọwọ́ ti ọwọ́ ìpaná lẹ́gbẹ̀ẹ́ pọ́ǹpù lọ bọ̀; ó gbọ́dọ̀ rìn wẹ́rẹ́, kó padà fúnra rẹ̀. Bí kò bá rìn, ẹni tó ń tún pọ́ǹpù ṣe ni kí ẹ gbé e fún. Bó tilẹ̀ rìn, ẹ yọ hóòsì fílítà afẹ́fẹ́, kí ẹnì kan dúró sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀ pẹ̀lú pátákó pẹlẹbẹ tó tóbi jù ú lọ. Bí ẹ́ńjìnì bá fẹ́ sá, kó fi dí i pa. Kó má lo aṣọ: ẹ́ńjìnì á fà á wọlé.